Àwo Orin Tí A Ń Jókòó Gbọ́

Ọ̀rọ̀ orin ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin tí a ń jó. Bí a bá dárúkọ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni òde ìyàwó, ìsọmọlórúkọ àti agbo ijó. Kò burú bẹ́ẹ̀, nítorí inú dídùn ní í mú orí yá. Ṣùgbọ́n àwo mìíràn wà tí kò pe ẹsẹ̀ rárá. Ọkàn ni ó ń pè. Bí a bá gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹni tí ó wà ní ìdúró yóò wá ìjókòó, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ yóò sì dákẹ́. Kí ni ìwúlò irú àwo bẹ́ẹ̀? Báwo ni a sì ṣe ń gbọ́ ọ?

A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ oríṣi méjèèjì. Etí ọ̀sà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà, ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n sì jọ wà. Ìkòròdú ni wọ́n ti bí Bobby Benson ní ọdún 1922. Òun ni ó kọ orin háíláìfù tí a mọ̀ sí "Taxi Driver", èyí tí àgbà ilé fi jó tí ọmọ ilé-ìwé náà sì fi jó. Bobby Benson jáde láyé ní 1983, ṣùgbọ́n títí di òní, bí wọ́n bá fi orin náà sí i, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í mì kí ẹni tí ó ni ín tó mọ̀. Àwo ijó nìyẹn.

Ẹ̀pẹ́ ni ti èkejì ti wá. Ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, Salawa Àbẹ̀ní, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1961, ni ó kọ ọ́. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, ó jáde ní 1976 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Leader Records, àkọlé rẹ̀ sì ni "Late General Murtala Ramat Mohammed". Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka àkọlé náà ti mọ̀ pé àwo ọ̀fọ̀ ni. Lórí àwo yìí ni ọ̀rọ̀ wa yóò dúró, ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́.

Bí ẹ bá gbé àwo sí ojú ìmọ́lẹ̀, ẹ óò rí i pé ara rẹ̀ kún fún ìlà wínníwínní. Ẹ lè rò pé ìlà náà pọ̀. Rárá o, ìlà kan ṣoṣo ni ó wà lójú kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí àwo, ó sì ń yí lọ bí ìlà ara ìkarahun ìgbín títí ó fi dé àárín. Bí akọrin bá ń kọrin, ohùn rẹ̀ a máa mi atẹ́gùn. Ẹ̀rọ a gba mímì náà, a sì fi gbẹ́ ìlà yìí ní wíwọ́wíwọ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń gba inú ìlà náà kọjá, wíwọ́ rẹ̀ a mú kí abẹ́rẹ́ gbọ̀n gẹ́gẹ́ bí ohùn náà ti gbọ̀n, ẹ̀rọ a sì sọ gbígbọ̀n náà di ohùn padà. Kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe ẹ̀mí àìrí. Ipa ẹsẹ̀ ohùn ni, bí ẹsẹ̀ ẹtu ti ń wà lórí ilẹ̀ tútù lẹ́yìn tí ẹtu ti lọ.

Ní àtijọ́, àwo líle tí ó tètè ń fọ́ ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n fi oje kòkòrò kan láti ilẹ̀ Íńdíà pò. Ìgbà 78 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà orin tí ojú rẹ̀ kan lè gbà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Irú àwo yìí ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ẹ wá rò ó wò: akọrin tí ó lè fi gbogbo òru kọrin lójú agbo, wọ́n ní kí ó sọ gbogbo ohun tí ó ní í sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta! Kò tíì kí ilé tán tí abẹ́rẹ́ fi dé àárín.

Ní 1948, ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá jáde, èyí tí a ń pè ní elípíì. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kan sì ń gba orin bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó wọ ilẹ̀ wa, àwọn akọrin wa rí àyè na ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ alápàlà, onísákárà, oníwákà àti oníjùjú ni ó fi odindi ojú kan àwo kọ orin láìdánudúró. Akọrin lè bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó yà sí ọ̀nà òwe, kí ó kí ẹni tí ó fẹ́ kí, kí ó sì padà sí ibi tí ó ti yà. Àwo wá dà bí yàrá tí ènìyàn lè wọ̀, kí ó jókòó sí, kí ó má sì yára jáde. Láìsí àyè yìí, àwo tí a ń jókòó gbọ́ kò lè sí.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń ṣe irú àwo bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti jẹ pánlá, ẹja gbígbẹ tí a ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti òkè òkun, ti jẹ nínú ohun tí ilẹ̀ Norway ń tà. Ìlú Bergen, ní etí òkun ilẹ̀ náà, ni ọjà pánlá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Òjò ibẹ̀ pọ̀ púpọ̀, nígbà òtútù òru gùn, ọ̀sán kúrú, ènìyàn a sì máa pẹ́ nínú ilé pẹ̀lú èrò ọkàn ara rẹ̀. Ní 2001, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti ìlú náà, tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Kings of Convenience, gbé àwo kan jáde tí wọ́n pè ní "Quiet Is the New Loud". Ohun tí àkọlé yìí ń wí ni pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó wá di ariwo nísinsìnyí. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń lo jìtá tí ó ń fi iná pariwo, jìtá tí kò lo iná àti ohùn méjì tí ó rọ̀ bí ohùn ẹni tí ó ń sọ àṣírí fún ọ̀rẹ́ ni wọ́n gbé ṣíwájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ wọn ní láti kọ́kọ́ pa ariwo ilé ara rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti rí ni orin rẹ̀ máa ń rí. Òjò àti òru gígùn ni ó kọ́ àwọn ará Bergen bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́. Kí ni ó kọ́ ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́?

Ẹ̀pẹ́ náà jẹ́ ìlú ẹja. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń ti Èkó lọ ra ẹja tútù ní ọjà Olúwo. Ṣùgbọ́n ìlú ìtàn ni pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní 1851 tí wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, Ẹ̀pẹ́ ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìlú náà fi ní apá méjì, Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì fi ta gbòǹgbò níbẹ̀.

Nínú ilé Mùsùlùmí ni wákà ti jáde. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni orúkọ náà, orin ni ó túmọ̀ sí. Àwọn obìnrin ni ó ń kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pàdé ẹni tí ó ti Mẹ́kà dé, nígbà ọdún Màólúùdù, tàbí nígbà ìgbéyàwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, pàtẹ́wọ́ àti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lù mọ́ra ni ó tó wọn; lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìlù kún un. Batile Àlàkẹ́ ti Ìjẹ̀bú-Igbó ni ó kọ́kọ́ gbé wákà wọ inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, tí ó sì fi han àwọn obìnrin tí ó tẹ̀lé e pé ohùn obìnrin nìkan tó láti ru odindi àwo. Nínú wákà, obìnrin kan ni ó ń lé orin, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa gbè é. Ọ̀rọ̀ ni ọ̀gá níbẹ̀. Orin tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kò ṣòro fún un láti di orin ìrònú.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ọdún 1976. Ọ̀gágun Murtala Muhammed gba ìjọba ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1975. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ó sọ ìpínlẹ̀ 12 tí ó wà ní Nàìjíríà di 19. Ọjọ́ náà ni wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kejì, àwọn ọmọ ogun kan da ìbọn bo ọkọ̀ rẹ̀ ní Ìkòyí, níbi tí ọkọ̀ ti ń lọ sókè sódò lójú pópó bí ti gbogbo aráyé, nítorí kì í fi ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ yí ara rẹ̀ ká. Ó kú, bẹ́ẹ̀ ni Ajagun Akíntúndé Akínṣẹ̀hìnwá tí ó ń tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún 37 ni Murtala. Kò tíì lo oṣù méje lórí oyè.

Ètí rédíò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́. Ọ̀gágun Dimka, tí ó ṣáájú àwọn ọlọ̀tẹ̀, wọ ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìkòyí, ó kéde pé òun ti gba ìjọba, orin àwọn ológun sì ń dún láàárín ìkéde kan sí òmíràn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀tẹ̀ náà ti forí ṣánpọ́n. Wọ́n sin Murtala sí Kánò. Ọkọ̀ tí wọ́n pa á sí wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, ní Èkó, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń lọ wo ihò ìbọn ara rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lórí owó ogún náírà, orúkọ rẹ̀ sì wà lára pápákọ̀ òfuurufú Ìkejà. Ìjọba ni ó ṣe ìrántí wọ̀nyí. Ìrántí ti Salawa Àbẹ̀ní, ohùn ni ó fi ṣe é.

Nígbà tí wọ́n pa Ọ̀gágun náà, ọmọ yìí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ lè bi wá pé, ta ni ó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ láti dárò olórí orílẹ̀-èdè? Ìbéèrè náà tọ̀nà, nítorí pé ní ilẹ̀ wa, arò ní àwọn tí ó ni ín. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń sun ìrèmọ̀jé fún un. Bí àgbà ilé bá kú, àwọn obìnrin ilé a sun rárà, wọn a ki oríkì rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni ó ń sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú kàn rí ńkọ́? Ọmọ Kánò ni, ọmọ Ẹ̀pẹ́ kò bá a tan. Ẹkún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ìdílé kan, nítorí náà ó di ti gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà sì ti wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Èdè Yorùbá, orin Mùsùlùmí, àti ọmọbìnrin etí ọ̀sà ni ó pàdé láti dárò ọmọ Haúsá kan. Èyí kì í ṣe ohun kékeré ní orílẹ̀-èdè tí ogun abẹ́lé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún mẹ́fà ṣáájú.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Akọrin wa a máa kí ẹni tí ó wà láàyè, ẹni náà a sì fi owó lé e níwájú orí. Òkú kò lè náwó fún akọrin. Lóòótọ́, ọjà ni àwo, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ sì jèrè. Wọ́n ka àwo yìí sí àkọ́kọ́ láti ọwọ́ obìnrin nínú orin Yorùbá tí títà rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rò nípa àwọn tí ó rà á. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Kò sí ẹni tí ó ń fi àwo ọ̀fọ̀ pe àlejò. Wọ́n rà á nítorí pé ìbànújẹ́ kan wà nínú wọn tí wọn kò rí ibi gbé e sí. Rédíò ti sọ fún wọn pé ó ti kú; orin ni ó jẹ́ kí wọ́n jókòó ti ikú náà.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní 1948, Haruna Ìṣọ̀lá, ọ̀gá alápàlà, kọ àwo kan fún ilé-iṣẹ́ HMV nípa Ọba Adébóyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ènìyàn díẹ̀ ni ó rà á. Lẹ́yìn tí Ọba náà wàjà, Haruna tún orin náà kọ, ó sì wá tàn ká, ó gbé orúkọ rẹ̀ ga. Kí ni ó yí padà? Ọba kan náà ni, akọrin kan náà ni. Etí àwọn olùgbọ́ ni ó yí padà. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nìkan ni ó mọ bí a ti ń gbọ́ orin arò.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, gbígbọ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí irú àwo yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe fi í sí i nígbà tí ẹ bá ń gbálẹ̀ tàbí tí ẹ bá ń bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ. Ẹ jẹ́ kí ojú kan rẹ̀ parí láìfò ó. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀: ta ni wọ́n dárúkọ, òwe wo ni wọ́n pa? Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì nítorí ohùn: níbo ni ẹni tí ń lé orin ti fa ohùn gùn, níbo ni àwọn ẹlẹ́gbè ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, níbo ni ìlù ti rọlẹ̀? Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fetí sí ara yín. Òkú tí akọrin ń sọ lè má jẹ́ tiyín, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i pé tiyín ti dé, ó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín. Iṣẹ́ tí àwo ìrònú ń ṣe nìyẹn, ì báà jẹ́ ti Bergen, ì báà jẹ́ ti Ẹ̀pẹ́.

Salawa Àbẹ̀ní kò dúró lórí àwo kan. Ó bá Leader Records ṣiṣẹ́ títí di 1986, ó kọ ọ̀pọ̀ orin tí a fi jó, nígbà tí ó sì di 1992, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Lámídì Adéyẹmí Kẹta, fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ẹkún ni ó gbà wọ ilé orin.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù jẹ́ ti gbogbo wa. Àwo rọ́bà kì í jẹrà, ṣùgbọ́n oòrùn a máa wọ́ ọ, eruku a máa di ìlà rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ó ti kú a sì máa họ ọ́ títí ohùn yóò fi di ariwo. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, tí fóònù sì tún dé lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni ó kó àwo bàbá wọn jù sí ààtàn. Ẹ̀rọ ìsinsìnyí rọrùn, ó sì dára, ṣùgbọ́n ó fi ìkánjú kọ́ wa: bí orin kò bá wọ̀ wá lára ní ìṣẹ́jú kan, a ti fò ó. Bí a bá ń fo àwọn orin tí ó gba sùúrù, a óò jí lọ́jọ́ kan láìní orin kankan tí a lè gbé fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá yín àgbà bí àwo bá kù nínú àpótí. Bí ẹ bá rí i, ẹ dì í mú ní etí, ẹ má fi ìka kan ojú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí ẹ sì tò ó ní ìdúró bí ìwé, níbi tí oòrùn kò dé. Kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹ bi àgbà náà pé níbo ni ó wà ní ọjọ́ tí wọ́n kéde ikú Murtala. Ẹ jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ jókòó, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ lé e.